Ìwé Ẹ̀rí Kan Náà, Owó Oṣù Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn òbí, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ọ̀fà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi àwọn ibi tí àwàdà ti pọ̀ jù.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó pa bọ́ọ̀lù ọjọ́ Sátidé tì, tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù, ẹ kú ìfaradà. Ìyẹ̀rú ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mojò, ọmọ ìjàkadì lorò, mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ ju gbọ̀ngàn yìí lọ. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró sí nínú rẹ̀: bí ìwé téèyàn kà àti iṣẹ́ tó ń ṣe kò bá bára wọn mu, kí ló ń ṣe owó tó ń gbà?

Mo mọ àwọn méjì kan tí wọ́n jáde ní kíláàsì kan náà. Ìṣirò owó ni wọ́n kà, HND ni wọ́n gbà, èsì wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ọ̀kan ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlọrin. Ìkejì ń bá ẹlòmíì ṣe POS lábẹ́ agbòjò lẹ́bàá Ọjà Òwòdé. Mo yà sọ́dọ̀ ìkejì yìí lọ́jọ́ kan láti gba owó. Ẹ̀rọ POS wà lórí itan rẹ̀, ìwé olójú-ewé 60 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí àárín ojú ewé: owó tó wọlé lápá òsì, owó tó jáde lápá ọ̀tún, àròpọ̀ nísàlẹ̀, ó sì fi bíró pupa fa ìlà méjì sábẹ́ àròpọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣí ìwé náà wò. Tílẹ̀ bá ti ṣú, owó ló ń kà.

Mo bi í pé, “Ta ló wà níbí kó o tó dé?” Ó ní, “Sà, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán ni. Iye tí wọ́n ń san fún un náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ìgbà tí wọ́n rí i pé owó kì í dín lọ́wọ́ mi ni wọ́n bu díẹ̀ lé e.”

Ẹ bá mi fi “díẹ̀” yẹn sọ́kàn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi lónìí wà.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ìwé àti iṣẹ́ fi ń ṣe ségesège

Èyí ò ní pẹ́. Èkíní ni kí ìwé èèyàn pọ̀ ju ohun tí iṣẹ́ béèrè lọ, bíi ti ọmọ POS yẹn. Èkejì ni kí ìwé èèyàn kéré sí ohun tí iṣẹ́ béèrè. Ẹ̀kẹta ni kí ìwé tó, kí iṣẹ́ náà tó, àmọ́ kí wọ́n má ṣe jẹ́ ọ̀kan: ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn tó wá ń ta ìbánigbófò kiri.

Àwọn Yorùbá ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ má rò pé òṣìṣẹ́ nìkan ni ara ń ni. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ náà mọ̀ pé ọmọ yìí ń wo ọ̀nà, pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé láti ibòmíì, ó ti lọ nìyẹn.

Kí ni ìṣirò sọ?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí o, torí ibí yìí làwọn èèyàn ti ń ṣìnà.

Ní 1981, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Greg Duncan àti Saul Hoffman, gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó rọrùn bí ẹni ń mumi. Ṣáájú wọn, bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tí ìwé ń mú wọlé, gbogbo ọdún téèyàn lò nílé-ìwé ni wọ́n ń kà pọ̀. Àwọn méjì yìí ní rárá, ẹ jẹ́ ká pín in. Mélòó nínú ọdún wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe béèrè? Mélòó ló lé? Bí kò bá sì tó, mélòó ló kù? Wọ́n wá wo owó tí ìkọ̀ọ̀kan ń mú wọlé.

Kí ni wọ́n rí? Ọdún tó lé ń mówó wá o, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ohun tí ọdún tí iṣẹ́ béèrè ń mú wá ni. Láti ìgbà náà, wọ́n ti tún irú ìṣirò yìí ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, iye rẹ̀ ń yí díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, àmọ́ bó ṣe tò léra wọn kì í sábà yí.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà sọ ọ́, àpẹẹrẹ lásán ni. Ká ní iṣẹ́ kan wà tó béèrè ọdún 12, ìyẹn ẹni tó ka SS3 tán, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ 100,000 náírà lóṣù. Ká tún ní gbogbo ọdún kan tí iṣẹ́ bá béèrè lé 12 yìí ń fi 10,000 kún un. Ẹni tó lo ọdún 16 tó sì bọ́ sí iṣẹ́ tó béèrè ọdún 16 yóò gba 140,000. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo ọdún 16 tó wá bá ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọdún 12 ńkọ́? Èló lẹ rò pé yóò gbà?

Mo gbọ́ 100,000 lápá ibẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ 140,000 lẹ́nu màmá tó wà níwájú; màmá, ẹ ṣe é, àdúrà lẹ gbà fún un. Nǹkan bí 120,000 ni.

Ẹ wá wò ó. Ó ju ẹni tó jókòó tì í lọ, ẹni tó ka SS3. Ó sì kéré sí ẹni tó jókòó tì í ní kíláàsì. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà fún ẹni tó bá ní ìwé kò wúlò mọ́, pé kí a kó ọmọ sínú ìṣòwò láti kékeré. Ìwé wúlò. “Díẹ̀” tí wọ́n bù lé owó ọmọ POS yẹn, ìwé rẹ̀ ló mú un wá, torí pé rúlà àti bíró pupa yẹn ni owó kì í fi í dín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò ní ibi tí yóò fi ìyókù ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ kéré sí iṣẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́? Obìnrin kan wà tí mo mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí búrẹ́dì pẹ̀lú WAEC, ó ń gbálẹ̀, ó ń ká búrẹ́dì sí láílọ́ọ̀nù. Lónìí òun ni alábòójútó. Ó lè ki ọwọ́ sínú àpò fúláwà, kó fi ìka méjì ra díẹ̀ nínú rẹ̀, kó ní, “Ẹ dá èyí padà, kò ní wú.” Wọ́n á sì dá a padà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìyá yìí ń gba owó ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ṣe WAEC tí wọ́n ṣì wà nídìí iṣẹ́ WAEC lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá mú ẹni tó ní dìgírì wá sórí àga kan náà, owó ẹni yẹn á ju tirẹ̀ lọ. Bí ìṣirò 1981 ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn: ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tó ń jèrè lára iṣẹ́ tó ga, àmọ́ kì í jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò kọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2007, John Robst, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, wo àwọn tó jáde yunifásítì ní Amẹ́ríkà tí wọ́n wá ń ṣe iṣẹ́ tí kò kan ohun tí wọ́n kà. Owó wọn kéré sí ti àwọn tó ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́, àmọ́ kò bá gbogbo wọn bákan náà. Ẹni tó kọ́ ohun tó jẹ́ ti iṣẹ́ kan pàtó, bíi ìmọ̀ ìlera tàbí kọ̀ǹpútà, ló ń pàdánù jù tó bá yà bàrá. Ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìrònú kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdánù, torí pé ẹrù rẹ̀ ṣeé gbé lọ síbi gbogbo. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń yọ ṣùtì sí ọmọ tó fẹ́ ka èdè tàbí ìtàn, ẹ gbọ́ o. Mi ò ní owó rẹ̀ pọ̀. Mo ní bí iṣẹ́ bá yí padà, nǹkan tí yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò pọ̀.

Kí ló dé tí ọdún tó lé kò fi rówó tó?

Ìdí kan wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ní òrùlé. Bí ọmọ POS yẹn tilẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé, iye èèyàn tó máa wá gbowó lábẹ́ agbòjò yẹn kò ní pọ̀ sí i.

Ìdí kejì, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Michael Spence, ló là á yé wa ní 1973, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2001 nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò lè rí inú ẹni tó wá wáṣẹ́, nítorí náà ìwé ẹ̀rí ló fi ń mọ ẹni tó lè fara da wàhálà. Àmì ni ìwé ẹ̀rí jẹ́ fún un. Ó dáa, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti ní àmì kan náà, kí ni agbanisíṣẹ́ máa ṣe? Á gbé òdiwọ̀n sókè. Iṣẹ́ tí WAEC ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ OND. Ti OND, wọ́n á ní àwọn fẹ́ dìgírì. Iṣẹ́ kò yí padà, owó kò yí padà, ìwé ló pọ̀ sí i.

Ìdí kẹta yìí korò, àmọ́ mo jẹ́ olùkọ́, ó di dandan kí n sọ ọ́. Nínú àwọn tí à ń pè ní “ìwé wọn pọ̀ ju iṣẹ́ wọn lọ”, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bébà ló pọ̀, ohun tó wà lórí kò pọ̀. A kọ́ wọn ní ẹ̀rọ láìsí ẹ̀rọ. A kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà lórí pátákó. Ọjà iṣẹ́ ń wò wọ́n, ó sì ń sanwó ohun tó rí. Ẹ̀bi yẹn, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la ni ín, àti àwọn tó yẹ kó fún ilé-ìwé lówó.

Ìdí kan tún wà tí èmi ń bẹ̀rù jù, ìyẹn dídúró sójú kan. Philip Oreopoulos, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó jáde yunifásítì ní Kánádà lásìkò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2012. Àwọn tó jáde lásìkò burúkú yẹn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó tó fi nǹkan bíi 9 nínú 100 kéré sí tàwọn tó jáde nígbà tó dára. Ó sì tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó lé wọn bá. Ẹ gbọ́ o: ọdún mẹ́wàá, ní Kánádà! Báwo wá ni wọ́n ṣe lé wọn bá? Kì í ṣe pé ọ̀gá wọn ṣàánú wọn. Wọ́n ń ṣí kúrò ni. Láti ilé-iṣẹ́ kékeré sí èyí tó sàn díẹ̀, láti ibẹ̀ sí èyí tó tún sàn jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbígba iṣẹ́ tó kéré sí ìwé yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè pé, ṣé ọ̀nà wà níwájú rẹ̀? Ṣé ohun tí mo kọ́ ń dípẹta ni àbí ó ń dán? Ọmọ POS yẹn ti ń bá àwọn aláṣọ kan ní Òwòdé ṣètò ìwé owó wọn nírọ̀lẹ́. Ó ní nígbà tí ọ̀kan nínú wọn rí iye tí gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ jẹ́ lójú kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Owó ibẹ̀ kò tíì pọ̀. Àmọ́ ìmọ̀ rẹ̀ ò sùn.

Nílé wa níbí

Ohun tí mo ti ń sọ láti àárọ̀, ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ni. Kwara wá ńkọ́?

Ẹ̀yin àgbà á rántí ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Ẹ á rántí ilé-iṣẹ́ bébà Jẹ́bà, 1969. Àwọn ibi wọ̀nyẹn ń lo ẹni tó kọ́ kẹ́mísírì, wọ́n ń lo ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń lo oníṣirò owó, wọ́n sì ń lo wẹ́dà àti iná-mànàmáná. Gbogbo àkàbà ló wà níbẹ̀. Ìjọba tà wọ́n, wọn kò sì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ ká ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa: Yunifásítì Ìlọrin ní 1975, Federal Polytechnic ti Ọ̀fà níbí ní 1992, Al-Hikmah ní 2005, KWASU ní Malete ní 2009, Landmark ní Òmù-Àrán ní 2011, Summit lẹ́yìnkùlé wa níbí ní 2015. Mi ò tíì kà wọ́n tán. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ o, oúnjẹ ẹnu mi ni. Mo kàn ń sọ pé ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ wa ń gbà jáde nílé-ìwé ń fẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé síṣẹ́ ń dín.

Ẹ má sì jẹ́ kí iye àwọn aláìríṣẹ́ tí ìjọba ń kéde tàn yín jẹ. Àjọ NBS, tó ń ka iye nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé 33.3 nínú 100 ni kò níṣẹ́ ní ìparí 2020. Nígbà tó fi máa di 2023, wọ́n ní kò ju nǹkan bíi 5 lọ. Ṣé iṣẹ́ ló pọ̀ lójijì? Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á ni wọ́n yí padà, kó lè bá ti àgbáyé mu: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti gbowó, ó ti níṣẹ́. Kò burú, torí òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó lè jókòó lásán ní Nàìjíríà kó jẹun. Àjọ náà sọ pé ju 90 nínú 100 òṣìṣẹ́ wa ni iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ ètò kankan, kò sí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kò sí owó ìfẹ̀yìntì. Ìyẹn ni pé ìṣòro tó pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa kò hàn nínú iye aláìríṣẹ́. Inú iye àwọn tó “níṣẹ́” ló sá pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan HND, torí mo mọ̀ pé ẹ ń retí rẹ̀. Ní iṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní HND kì í kọjá lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14. Ẹni tó ní dìgírì lè dé 17. Wọ́n lè jọ wà lórí tábìlì kan, kí wọ́n jọ máa ṣe fáìlì kan náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn máa pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Ẹ wo ohun tó ń fà: àgbàlagbà tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ á padà lọ jókòó sí kíláàsì lópin ọ̀sẹ̀ kó lè gba ìwé mìíràn. Ó gbà á tán, ó padà sórí àga rẹ̀ àtijọ́, fáìlì àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ń sanwó iṣẹ́. Ìjọba ń sanwó ìwé. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa fi fẹ́ dúró dè ìjọba títí irun wọn á fi funfun.

Àwọn tó rìnrìn àjò ńkọ́? Láti 2022 tí ìjọba Ìlú Ọba ti ṣí físà fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó títí di 2025 tí wọ́n tì í pa fún ẹni tuntun, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ní dìgírì, títí kan òṣìṣẹ́ báńkì, ló lọ síbẹ̀ lọ wẹ arúgbó. Ìwé wọn pọ̀ ju iṣẹ́ náà lọ gan-an. Síbẹ̀ owó tí wọ́n ń gbà ju ti àtijọ́ lọ bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ẹ má bínú sí wọn. Àmọ́ kò tú ìṣirò 1981 ká: ẹ fi wọ́n wé ẹgbẹ́ wọn ní Ìlú Ọba tó ní dìgírì tó ń ṣe iṣẹ́ dìgírì, ẹ óò rí i pé àlàfo náà bá wọn kọjá òkun.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ IT

Àwọn òbí á ní, kí la máa ṣe? Mi ò lè jí Bacita dìde láti orí àga yìí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó wà lọ́wọ́ wa.

Láti 1973 ni ètò SIWES ti wà, tí wọ́n ń fi ọmọ ilé-ìwé ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ láti lọ kọ́ṣẹ́; àwọn là ń pè ní ọmọ IT. Ní ti gbogboǹṣe, láàárín OND àti HND, ó yẹ kí ọmọ lo odindi ọdún kan níbi iṣẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni ìwé àti iṣẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ pàdé. Báwo la ṣe ń lò ó? Mo ti ka lógíbúùkù, ìwé tí ọmọ IT fi ń kọ iṣẹ́ tó ṣe lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ohun kan náà ló wà níbẹ̀: “Mo bá wọn ṣe fọ́tókọ́pì.” Òmíràn, bíró kan náà, ọwọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà ló fi kọ oṣù mẹ́ta. Ó rí ẹni bá a buwọ́ lù ú, ó parí. Bàbá rẹ̀ ló bá a wá ẹni náà!

Ẹ̀yin òbí, ẹ má bá ọmọ wá ẹni tí yóò buwọ́ lùwé. Ẹ bá a wá ibi tí wọ́n á ti bá a wí tó bá ba nǹkan jẹ́. Bí ọmọ yín bá sì ń gba fọ́ọ̀mù JAMB, kẹ́ ẹ tó bi í pé kọ́ọ̀sì wo ló lórúkọ, ẹ lọ bá àwọn tó jáde nínú kọ́ọ̀sì náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe lónìí, èló sì ni.

Ẹ̀yin tó ní ilé-iṣẹ́, ilé omi, ilé búrẹ́dì, ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin oníwẹ́dà tó ti ní ju ọmọṣẹ́ márùn-ún lọ: ẹ yéé kọ “dìgírì” síta fún iṣẹ́ tí ọmọ SS3 lè ṣe. Ẹ ò ní fún un lówó dìgírì, kò sì ní pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Dípò ìyẹn, ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe síbẹ̀, iye ọmọ IT tẹ́ ẹ lè gbà lọ́dún yìí, àti bóyá ẹ lè fún wọn lówó ọkọ̀. Owó ọkọ̀ nìkan o, mi ò tíì béèrè owó oṣù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè. Bàbá tó dé fìlà búlúù ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹ bá mi gbé makirofóònù dé ọ̀dọ̀ wọn.